Ẹ Wá Sọ Ìrírí Yín: Kí Lẹ Fi Ń Bá Ológbò Yín Ṣeré?

Ìyá Àbẹ̀ní, Ìbàdàn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sin ológbò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti bi mí pé kí ni káwọn rà fún ológbò tí kì í jáde nílé. Mo ní ká kúkú kó ìrírí wa jọ síbì kan. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tèmi.

Abo ni tèmi, dúdú ni, àyà rẹ̀ nìkan ló funfun. Àdùkẹ́ là ń pè é. Orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì là ń gbé, títì wà níwájú ilé, àwọn aládùúgbò kan ò sì fẹ́ fojú kan ológbò dúdú rárá. Ẹ mọ báwọn èèyàn wa ṣe máa ń so ó mọ́ àjẹ́. Inú ilé ló wà tọ̀sán-tòru. Eku ò sí lókè níbí, bẹ́ẹ̀ ológbò gbọ́dọ̀ rí nǹkan lé. Bẹ́ ò bá fún un ní nǹkan, á lé kọ́tìnì, á lé ẹsẹ̀ ọmọ, á bọ́ sórí wíìgì tẹ́ ẹ gbé sórí tábìlì.

Ìrìn nǹkan ni ológbò ń wò. Eku onírọ́bà tí àbúrò mi rà wá láti Èkó ti wà nílẹ̀ tipẹ́, Àdùkẹ́ ò yíjú sí i. Ṣùgbọ́n bí mo bá so ìyẹ́ adìẹ mélòó kan mọ́ etí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, tí mo ń wọ́ ọ lọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn àga, ẹ ó rí nǹkan. Á rẹ ara sílẹ̀, ojú á là rekete, irù á máa na ilẹ̀. Mo dá ìyẹ́ dúró, òun náà dúró. Ìdí rẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í mì lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tó bá ku díẹ̀ kí ìyẹ́ wọ abẹ́ àga, ìgbà yẹn gan-an ló máa fò mọ́ ọn.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Wọ́n á máa ju ohun ìṣeré sí ológbò lójú. Eku wo ló ń sáré wá bá ológbò? Ńṣe ló ń sá lọ. Yàtọ̀ síyẹn, ológbò kì í ríran dáadáa bí nǹkan bá ti sún mọ́ imú rẹ̀ jù, irunmú rẹ̀ ló fi ń mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Torí náà ẹ máa wọ́ ọ lọ fún un, ẹ fi pa mọ́ sábẹ́ ẹní, ẹ jẹ́ kó máa ro bóun ṣe máa mú un.

Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó mú un o! Ẹ jẹ́ kó gé e jẹ, kó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ta á. Bí a bá ti ṣeré tán, mo máa ń fún un ní ẹja díẹ̀, nítorí ọdẹ tó pa ẹran ló ń jẹun. Ìdájí àti àṣálẹ́ ni ara ológbò máa ń yá jù lọ, nítorí náà mo máa ń bá a ṣeré kí n tó gbé oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ kalẹ̀. Á jẹ, á lá ara rẹ̀, á sùn, àwa náà á sì rójú sùn.

Ẹ̀yin ńkọ́?

Bọ̀dá Peckham

Ẹ kú àlàyé, mà. London ni mo wà, akọ ni tèmi, aláwọ̀ eérú, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Fúláàtì lèmi náà ń gbé, kì í jáde.

Ohun ìṣeré kún ilé ìtajà wọn níbí, ẹ lè ná owó oṣù tán síbẹ̀. Ohun tó ṣiṣẹ́ fún mi ni pé mi ò kì í kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀ á wà níta, ìyókù á wà nínú dúrọ́ọ̀, tó bá ṣe mo pààrọ̀ wọn. John Bradshaw, onímọ̀ nípa ìwà ẹranko, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ ní 2002 pé ohun ìṣeré kan náà máa ń tètè sú ológbò, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé òmíràn tó yàtọ̀ wá, ara rẹ̀ á tún yá gágá. Mo ti rí i lójú mi. Bọ́ọ̀lù tó ti kọ̀ sílẹ̀, bí mo bá gbé e pa mọ́ fún ìgbà díẹ̀, ọjọ́ tó bá jáde, á dà bí ẹni pé kò rí i rí.

Léésà, iná tín-ín-rín tí wọ́n ń tàn sílẹ̀ kí ológbò máa lé e, ni mi ò fọwọ́ sí. Ológbò á sá tẹ̀ lé e, á fọwọ́ bò ó mọ́lẹ̀, á gbé ọwọ́, kò sí nǹkan. Ti ọ̀rẹ́ mi kan débi pé òjìji ló ń lé lára ògiri látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Bó bá jẹ́ òun lẹ ní, ẹ má tàn án sí i lójú láé, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí iná náà balẹ̀ sórí ẹran díẹ̀ níparí, kó lè rí nǹkan mú.

Ti catnip, ewéko kan ni, òórùn rẹ̀ máa ń mú ológbò yí gbirigbiri nílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Àmọ́ bí ìdá kan nínú mẹ́ta ológbò ni kò kà á sí, àwọn ọmọ ológbò náà kì í kà á sí. Ẹ má bínú sí tiyín bí kò bá dá a lóhùn.

Àwọn tí ológbò wọn ń jáde, ẹ gbọ́ eléyìí. Ní 2021, àwọn olùwádìí Yunifásítì Exeter rí i pé bí èèyàn bá ń fi ìṣẹ́jú 5 sí 10 bá ológbò ṣeré bí ọdẹ lójoojúmọ́, ẹran tó ń pa wálé á fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ó tó nǹkan tó yẹ ká ṣe.

Ohun tó wù ú jù nílé wa ò sì náwó: páálí. Mo gé ihò méjì sí i lára, mo ki bébà tí mo rún mọ́ra sínú rẹ̀. Ní Netherlands, ní 2014, wọ́n fún àwọn ológbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú ológbò tí kò ní olúwa ní páálí tí wọ́n lè sá pa mọ́ sí, ara wọn sì tètè balẹ̀ ju tàwọn tí kò rí páálí lọ.

Àǹtí Aránṣọ, Abẹ́òkúta

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kí yín, ẹ̀gbọ́n mi n'Íbàdàn.

Òwú ni mo bá wá. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ológbò fẹ́ràn òwú, wọ́n á sì máa ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ̀yin ará mi, òwú ń pa ológbò. Ahọ́n rẹ̀ ní ẹ̀gún kéékèèké tó kọjú sẹ́yìn, ohun tó bá ti kọ́ ọ, ọ̀fun ló ń gbà lọ. Ológbò ṣọ́ọ̀bù kejì sí tiwa bẹ̀rẹ̀ sí í bì, kò jẹun, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Dókítà gbé ahọ́n rẹ̀ sókè, òwú ti lọ́ mọ́ ìdí ahọ́n, ìyókù ti wọ inú ikùn. Ó ṣàlàyé pé bí orí òwú bá ti há, tí ìfun ń fà á lọ, ńṣe ni ìfun máa ṣunkì bíi yẹ̀rì tí a fa òwú rẹ̀, òwú náà á sì máa gé e. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, Ọlọ́run bá wọn ṣe é, ó yè.

Bẹ́ ẹ bá rí òwú tó yọ lẹ́nu tàbí nídìí ológbò, ẹ má fà á. Ẹ má gé e. Ọ̀dọ̀ dókítà ni kẹ́ ẹ gbà lọ lẹ́sẹ̀ kan náà. Òwú irun, wífọ́ọ̀nù, rọ́bà owó, okùn bàlúù, kàn-ìn-kàn-ìn, gbogbo wọn ni kẹ́ ẹ kó pa mọ́. Ọ̀pá oníyẹ̀ẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi sọ yẹn náà, ẹ gbé e wọ kọ́bọ́ọ̀dù bẹ́ ẹ bá ti ṣeré tán.

Tèmi ń gbé ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú mi. Kóònù òwú ńlá tó ti ṣófo, tí òwú ò kù lára rẹ̀ rárá, ló fi ń ṣeré. Apá kan rẹ̀ fẹ̀, èkejì tín-ín-rín, torí náà bó bá ti í, kì í lọ tààrà, ńṣe ló ń yí po padà wá bá a. Á rò pé ó fẹ́ bá òun jà! Mo tún yí okùn líle mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì ìgéṣọ láti ìsàlẹ̀ dókè, ibẹ̀ ló ti ń ha èékánná. Ó gbọ́dọ̀ ga tó kí ológbò lè na gbogbo ara, kó má sì máa mì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á padà sórí aṣọ oníbàárà.

Dàmọ́lá

Ẹ káàsán, ẹ̀yin àgbà. Ọmọ ológbò ni mo ní, kò tíì pé oṣù mẹ́rin. Ọwọ́ mi ló fi ń ṣeré, ó sì ti ń bu èèyàn jẹ. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Àbẹ̀ní, Ìbàdàn

Dàmọ́lá ọmọ mi, ọwọ́ kì í ṣe ohun ìṣeré. Bó bá ti gbá ọwọ́ rẹ mú, má fà á gbà, nítorí bó o bá fà á, ìrìn ẹran lo ṣe fún un. Dá ọwọ́ dúró, dákẹ́, kó o dìde kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, mú nǹkan gígùn tó lè gbá mú fún un. Ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́ tó o ki aṣọ sí nínú dáa, á fi ẹsẹ̀ méjèèjì ta á tẹ́rùn. Sọ fún gbogbo ará ilé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá àwọn ọmọdé. Bí ẹnì kan ṣì ń fi ọwọ́ tàn án, kò ní jáwọ́.

Bó bá bù ọ́ jẹ tó lu ara, fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kó o lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Dìgbòlugi kì í ṣe ti ajá nìkan. Ó ti tó ọjọ́ orí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ná. Ṣé o ti gbé e lọ gbà á?