Jẹ́lé-ó-sinmi tàbí ọgbà ọmọdé: èwo ni ká mú?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ níṣẹ́ mú àbá wá lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí a yé lo “jẹ́lé-ó-sinmi” nínú ìwé tí a bá ń kọ fún ilé ẹ̀kọ́, kí a sì fi “ọgbà ọmọdé” rọ́pò rẹ̀. Ìdí méjì ni wọ́n fi gbé àbá náà lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní orúkọ yìí bu ọmọ kù, nítorí ó sọ ọ́ di ẹni tí à ń lé jáde kí àgbà lè rí ìsinmi. Wọ́n sì ní láti Jámánì títí dé Japan, ọgbà ni wọ́n fi sọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kékeré lórúkọ, kí ló dé tí tiwa fi yàtọ̀? Mo mọ àníyàn tó wà nídìí ọ̀rọ̀ wọn, mo sì bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ àbá náà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. “Jẹ́ kí ilé ó sinmi” ni gbólóhùn tí a sún kì. Àṣẹ tó di orúkọ ni, gẹ́gẹ́ bí “bọ́ọ́lẹ̀ kí á jà” ṣe di bọ́lẹ̀kájà, orúkọ ọkọ̀ tí àwọn òbí wa wọ̀. Ìgbìmọ̀ kì í jókòó ṣẹ̀dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnu àwọn tó ń lo nǹkan náà ló ti ń jáde, ìdí rẹ̀ sì nìyí tí kì í fi í ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti lóye. Ilé tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ògiri àti òrùlé. Bí a bá béèrè lọ́wọ́ ẹnìkan pé “ṣé àlàáfíà ni ilé wà?”, àwọn ènìyàn inú ilé ni à ń béèrè. Sinmi náà kò sì túmọ̀ sí pé kí a kọ nǹkan sílẹ̀: ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀ lójú ọ̀nà oko láti sinmi mọ̀ pé òun ṣì máa gbé e padà sórí.

Ìyá mi ń ta aṣọ ní Gbági, n'Ìbàdàn, láràárọ̀ ló sì máa ń fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ obìnrin kan ládùúgbò wa tó ní bẹ́ǹṣì mẹ́ta àti pátákó dúdú kan lábẹ́ igi máńgòrò. Jẹ́lé-ó-sinmi ni gbogbo àdúgbò ń pe ibẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ oókà dé ogún, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ pa àlọ́ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. N kò rántí ọjọ́ kan tí mo rò pé wọ́n lé mi jáde nílé.

Ìtàn gan-an ń gbè lẹ́yìn orúkọ yìí. Ní 1816, ní New Lanark ní ilẹ̀ Scotland, Robert Owen ṣí ilé ẹ̀kọ́ kan fún ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ òwú rẹ̀, ó sì ń gba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n rìn pàápàá, nítorí ìyá àti bàbá wà nídìí ẹ̀rọ, kò sì sí ẹni tó máa tọ́jú ọmọ nílé. Ní Faransé, láti àwọn ọdún 1820, salle d'asile ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ń jẹ́, èyí tí à bá máa pè ní yàrá ààbò. Ọmọ àwọn tálákà tó ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Ní 1881 ni ìjọba wọn wá fìdí orúkọ école maternelle múlẹ̀ dípò rẹ̀, ìyá sì ni orúkọ tuntun náà ṣì ń tọ́ka sí. Ní Kúbà, ní 1961, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ilẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ètò círculo infantil kí àwọn ìyá lè ráàyè lọ síbi iṣẹ́. Bí a bá ní kí Yorùbá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ ìdí tí wọ́n fi dá àwọn ilé wọ̀nyí sílẹ̀, èwo ni a ó lò tó máa ju jẹ́lé-ó-sinmi lọ?

Ọ̀nà mìíràn ni Friedrich Fröbel, olùkọ́ ará Jámánì, gbà wọ ọ̀rọ̀ náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni ọgbà tí Ẹ̀gbọ́n ń sọ ti wá. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ kékeré ní Bad Blankenburg ní Jámánì ní 1837, ó sì fún un lórúkọ Kindergarten, ìyẹn ọgbà àwọn ọmọ, ní 1840. Lójú tirẹ̀, irúgbìn ni ọmọ, olùkọ́ ni olùtọ́jú ọgbà, eré sì ni irúgbìn náà fi ń dàgbà. Ó ṣètò ohun ìṣeré tó pè ní ẹ̀bùn: bọ́ọ̀lù olówùú aláwọ̀ mẹ́fà ló ṣáájú, lẹ́yìn náà ni igi tí a gbẹ́ rìbìtì, èyí tó rí bí àpótí àti èyí tó rí bí ìlù, kí ọmọ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tó ń yí àti ohun tó ń dúró. Ìjọba Prussia, ọ̀kan lára àwọn ilẹ̀ Jámánì nígbà náà, fòfin de irú ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní 1851. Ó kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọn kò sì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà títí di 1860. Ó máa ń dùn mí nígbàkúùgbà tí mo bá rántí pé kò rí ọjọ́ náà. Nígbà tí àwọn ará Japan ṣí tiwọn ní Tokyo ní 1876, wọ́n túmọ̀ orúkọ Fröbel ní tààrà sí yōchien. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n tún ní hoikuen lọ́tọ̀ fún ọmọ àwọn òbí tó ń ṣiṣẹ́, nítorí orúkọ kan kò gba iṣẹ́ méjèèjì.

Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ọgbà tiwa kì í ṣe ọgbà Fröbel. Nínú èdè Yorùbá, ohun tó yí nǹkan ká tó sì dé e mọ́ inú ni ọgbà jẹ́ kó tó di ibi tí à ń gbin nǹkan sí. A máa ń sọ pé ẹnìkan fi ọgbà yí ilé rẹ̀ ká, yálà ewébẹ̀ wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Mo gbà pé Bíbélì ti mú ká mọ ọgbà Édẹ́nì àti ọgbà àjàrà, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń dún lẹ́nu àwọn ènìyàn lónìí: ọgbà ẹ̀wọ̀n, ọgbà ẹranko. Nínú ọgbà ẹranko, ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé ọgbà ló ń sọ ohun tí a sé mọ́ ibẹ̀. Bí a bá wá sọ pé ọgbà ọmọdé, kí ni ìyá tó ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ máa rò? Ẹ̀gbọ́n ń sá fún orúkọ tó lé ọmọ jáde, wọ́n sì mú èyí tó tì í mọ́lé wá.

Yàtọ̀ sí èyí, orúkọ tí wọ́n ní gbogbo ayé ń lò kò dúró sójú kan. Ní Jámánì, Kindergarten kì í ṣe ara ilé ìwé rárá. Abẹ́ òfin ìtọ́jú ọmọdé àti ọ̀dọ́ ló wà, kò sì sí ọ̀ranyàn níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ kan náà ni orúkọ ọdún àkọ́kọ́ nínú ilé ìwé gan-an, fún ọmọ ọdún márùn-ún. Ní Faransé, láti 2019, ẹ̀kọ́ ti di ọ̀ranyàn láti ọmọ ọdún mẹ́ta, école maternelle sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń gbà á. Ní Finland, láti 2015, ọdún kan ṣoṣo ni ọ̀ranyàn náà, fún ọmọ ọdún mẹ́fà, kó tó wọ ìwé kìíní ní ọmọ ọdún méje. Ẹni tó bá fi ọgbà ọmọdé túmọ̀ gbogbo ìwọ̀nyí máa ṣi àwọn òǹkàwé lọ́nà.

Ibì kan wà tí Ẹ̀gbọ́n ti jàre, n kò sì ní fi pamọ́. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ti ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà, nínú ẹ̀dà ti 2004, kà á mọ́ ara iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kékeré pé kí ó máa tọ́jú ọmọ nígbà tí òbí bá wà lóko, lọ́jà tàbí ní ọ́fíìsì. Jẹ́lé-ó-sinmi ni ìjọba ń sọ yẹn, bí wọn kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà ti 2013 ya ọdún kan sọ́tọ̀ fún ọmọ ọdún márùn-ún kí ó tó wọ ìwé kìíní, ọdún yìí sì ti di ara ètò ẹ̀kọ́ gan-an. Jẹ́lé-ó-sinmi kò tó fún ìyẹn. Ẹ̀kọ́ ni ìdí rẹ̀, kì í ṣe pé ilé fẹ́ sinmi. Àwọn òbí ń pè é ní KG báyìí, wọ́n sì ń pe gbogbo ohun tó ṣáájú rẹ̀ ní násìrì. Ẹ̀dà ti 2013 yẹn kan náà ló sọ nígbà náà pé èdè abínibí ni kí a fi kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí, síbẹ̀ kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan fún ọdún yìí lẹ́nu ọ̀pọ̀ olùkọ́ wọn.

Fún ìdí èyí, mo dábàá pé nínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa kí jẹ́lé-ó-sinmi dúró fún ilé ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, kí a sì máa kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ìsopọ̀, kí gbólóhùn inú rẹ̀ lè hàn. Kí a pe ọdún tó ṣáájú ìwé kìíní ní ọdún ìgbáradì, kí ọmọ tó wà níbẹ̀ wà ní kíláàsì ìgbáradì; ọ̀rọ̀ yìí máa bá ti Finland mu pẹ̀lú. Kí a fi Kindergarten sílẹ̀ bí ó ṣe wà nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ Fröbel tàbí Jámánì. Àwọn ará wa ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, tí école maternelle wà láyìíká wọn, kò tíì dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni àwọn ìyá ń pè é lẹ́nu yín lọ́hùn-ún, nígbà tí wọ́n bá ń sọ Yorùbá láàárín ara wọn?