Lẹ́tà àwọn onímọ̀ ewéko ìgbà Linnaeus: ọjọ́ tí kò bára mu, nọ́ńbà, àti hóró tó ń kú lójú omi

Ará Mọ́kọ́lá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ń to àfihàn kékeré kan jọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama n'Íbàdàn. Ó dá lórí lẹ́tà tí Peter Collinson, oníṣòwò aṣọ ní Lọ́ńdọ̀nù, àti John Bartram, àgbẹ̀ ẹ̀bá Philadelphia, ń kọ síra wọn láti nǹkan bí ọdún 1733 títí Collinson fi kú ní 1768. Mo fi díẹ̀ kún un lára ti àwọn onímọ̀ ewéko méjì, Gronovius ní Leiden nílẹ̀ Netherlands àti Linnaeus ní Uppsala nílẹ̀ Sweden.

Ohun mẹ́ta ló ṣòro. Ọjọ́ tó wà lórí àwọn lẹ́tà kò bára mu: òmíràn dà bí ẹni pé ó ti dé Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n tó kọ ọ́ ní Leiden. Ẹ̀ẹ̀kejì, lẹ́tà mìíràn kàn ń ka nọ́ńbà, kò dárúkọ ewé. Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo fẹ́ kí àwọn ọmọ di hóró bí àwọn ará ìgbà yẹn ṣe ń dì í, kí wọ́n sì gbìn ín lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Obì àbàtà, iṣin àti ẹ̀gúsí ni mo ní lọ́kàn. Ṣé wọ́n máa hù?

Olùtúwèé

Ẹ jẹ́ ká mú ti ọjọ́ ṣáájú. Orúkọ Yorùbá ni mo máa fi pe oṣù, torí nọ́ńbà gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀.

Kàlẹ́ńdà méjì ló wà lóde nígbà náà. Leiden àti Paris ti ń lo tuntun láti ọdún 1582 sí 1583. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ilẹ̀ tó ń ṣàkóso ní Amẹ́ríkà kò gbà á títí di 1752, Sweden sì di 1753. Láti oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1700, ọjọ́ 11 ni ti àtijọ́ fi ń rẹ̀yìn. Tí wọ́n bá kọ lẹ́tà ní Leiden lọ́jọ́ 10 oṣù Òkúdù 1740, tó sì lo ọjọ́ mẹ́fà lọ́nà, ọjọ́ 5 oṣù Òkúdù ni ẹni tó gbà á ní Lọ́ńdọ̀nù máa kọ sí i lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó ṣàṣìṣe. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan ka òní mọ́ ọjọ́ ọjà, tí ẹnì kejì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ tó tẹ̀lé 2 oṣù Òwéwe 1752 ni 14 oṣù kan náà. Ní Sweden, 17 oṣù Èrèlé 1753 ni 1 oṣù Ẹrẹ́nà tẹ̀lé. Ọjọ́ kankan tí ẹ bá rí láàárín ìwọ̀nyẹn, ìlú mìíràn ló ti wá, tàbí ẹni tó dà á kọ ló ṣì í.

Èyí tó burú jù ni ọdún. Ṣáájú 1752, ọjọ́ 25 oṣù Ẹrẹ́nà ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀ fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́tà tó bá kà pé 10 oṣù Èrèlé 1740, 1741 wa ni. Àwọn kan máa ń kọ 1740/1 láti là á yé ènìyàn; tí ẹ bá rí ìlà ìdá náà, ẹ má ṣe yọ ọ́ kúrò.

Kwékà sì ni Collinson àti Bartram. Ìjọ wọn kì í fẹ́ pe oṣù lórúkọ òrìṣà àwọn ará Róòmù, nítorí náà wọ́n ń kà á ni. Ṣáájú 1752, oṣù kìíní wọn ni Ẹrẹ́nà, ìkejì ni Igbe, ìkejìlá sì ni Èrèlé. Lẹ́yìn náà, Ṣẹ́rẹ́ di ìkíní. “Oṣù kẹjọ” lórí lẹ́tà 1740, Ọ̀wàrà ni. Lórí lẹ́tà 1760, Ògún ni. Ẹ tún ṣọ́ 7ber, 8ber, 9ber àti Xber: Òwéwe, Ọ̀wàrà, Bélú àti Ọ̀pẹ̀ ni wọ́n, láti inú ìkà èdè Látìn. Ẹni tó bá ka 8ber sí oṣù Ògún ti fi oṣù méjì ṣìnà, ìyẹn sì tó láti sọ àsìkò ìkórè di àsìkò òdòdó.

Nínú tábìlì yín, ẹ ya àyè mẹ́ta sọ́tọ̀: ọjọ́ bó ṣe wà lórí lẹ́tà, ìlú tí wọ́n ti kọ ọ́, àti ọjọ́ tí ẹ yí padà. Ẹ má pa ti àkọ́kọ́ rẹ́ láéláé.

Ewéko Jẹ́ríkò

Olùtúwèé ti ṣe gudugudu méje. Ẹ jẹ́ n bọ́ sórí nọ́ńbà, torí òun ni ọkàn ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá ka lẹ́tà wọ̀nyí láìwá ẹrù tó bá wọn rìn, ìdajì ọ̀rọ̀ ló gbọ́.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Bartram á tẹ ewé kan náà gbẹ ní ẹ̀dà méjì, á fún méjèèjì ní nọ́ńbà kan náà, á fi ọ̀kan ránṣẹ́, á sì pa ìkejì mọ́ sílé. Collinson á fi èyí tó gbà han Dillenius, onímọ̀ ewéko ní Oxford, tàbí Gronovius ní Leiden. Èsì tó máa padà wá kò ju nọ́ńbà àti orúkọ lọ. Bartram á wá mú ẹ̀dà tirẹ̀ jáde, á kọ orúkọ sí i. Kò sẹ́ni tó ní láti ya àwòrán tàbí fi ojú ìwé mẹ́ta ṣàpèjúwe ewé. Àmọ́ bí ìwé pélébé méjì bá pààrọ̀ ara wọn nínú àpótí, orúkọ á lẹ̀ mọ́ ewé tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sì lè pẹ́ kí àṣírí tó tú. Títí dòní, ẹ̀dà àti nọ́ńbà ni àwọn ilé tí wọ́n ń kó ewé gbígbẹ pamọ́ sí fi ń bára wọn ṣe, Forest Herbarium tó wà ní Jẹ́ríkò níbí náà ń bẹ nínú ìlà yẹn.

Orúkọ tó ń padà wá ṣáájú 1753 kì í ṣe ọ̀rọ̀ méjì. Gbólóhùn ni. Koropo wa, tí à ń pè ní Physalis angulata lónìí, jẹ́ *Physalis annua ramosissima, ramis angulosis glabris, foliis dentato-serratis*: ọlọ́dún kan, ẹ̀ka púpọ̀, ẹ̀ka onígun tó ń dán, ewé eléyín. Linnaeus fi ọ̀rọ̀ méjì rọ́pò rẹ̀ nínú *Species Plantarum* ọdún 1753. Torí náà, ẹ má wá orúkọ ọlọ́rọ̀ méjì nínú lẹ́tà 1740. Ẹ wá gbólóhùn náà lábẹ́ orúkọ tuntun nínú ìwé 1753. Linnaeus to àwọn ti àtijọ́ síbẹ̀.

Àmì kan tún wà tó ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Nínú àkọsílẹ̀ Linnaeus, ☉ ni ewéko ọlọ́dún kan, ♂ ọlọ́dún méjì, ♃ ọlọ́dún púpọ̀, ♄ igi. Tí ♂ bá wà níwájú orúkọ ewéko, kì í ṣe “akọ” ló ń sọ níbẹ̀.

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti fẹ́ lo obì àbàtà, ẹ fi Palisot de Beauvois, onímọ̀ ewéko ará Faransé, kún àfihàn náà. Ó wà ní Ìwẹrẹ àti Bìní ní 1786 àti 1787. Ohun tó ti fi ránṣẹ́ ṣáájú sí Jussieu, onímọ̀ ewéko ní Paris, ló bọ́, púpọ̀ nínú èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ló ṣègbé. Òun ló tẹ orúkọ obì àbàtà jáde ní 1805, Sterculia acuminata, kó tó di Cola acuminata.

Fún ewé títẹ̀: ìwé ìròyìn mẹ́ta sí mẹ́rin láàárín ewé kan sí èkejì, pákó lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ dì í pinpin. Ẹ pààrọ̀ ìwé lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́. Tí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, á bu. Ewé olómi bí odundun, ẹ kọ́kọ́ rì í bọ omi gbígbóná ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó lè kú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa wà láàyè nínú ìwé, ewé rẹ̀ á sì já. Ẹ kọ àwọ̀ òdòdó sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ já a, torí á ṣá. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kankan fi ọwọ́ lásán kan ewé gbígbẹ ayé àtijọ́: májèlé mẹ́kúrì ni wọ́n fi ń pa kòkòrò lára rẹ̀, kì í sì í kúrò.

Ọlọ́gbà Móníyà

Ẹ̀gúsí á hù. Iṣin àti obì, bí ẹ bá dì wọ́n bí ti ìgbà náà, wọ́n á kú.

Ìdí rẹ̀ ni pé hóró pín sí ọ̀nà méjì. Ẹ̀gúsí, ilá, ẹ̀wà máa ń sùn tí wọ́n bá gbẹ. Obì, iṣin àti kòkó kì í sùn. Tí omi ara wọn bá lọ, ẹ̀mí wọn lọ. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù kò mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa, iyanrìn gbígbẹ ni wọ́n ń dà lé púpọ̀ nínú ẹrù. Ẹ má rò pé àìbìkítà ló pa gbogbo èyí tó kú. Àwọn ọ̀tá mìíràn náà kò kéré: omi òkun, eku, kòkòrò, àti ooru inú ọkọ̀.

John Ellis, onímọ̀ ìṣẹ̀dá ní Lọ́ńdọ̀nù, tẹ ìwé ìtọ́ni kan jáde lórí èyí ní 1770. Ìda oyin wà lára ọ̀nà tó yìn. Linnaeus ní tirẹ̀ ní kí a kó hóró pẹ̀lú iyanrìn gbígbẹ sínú ìgò, kí a gbé ìgò náà sínú ìgò ńlá, kí a sì fi àpòpọ̀ iyọ̀ kún àlàfo tó wà láàárín: *saltpetre*, iyọ̀ ọbẹ̀ àti *sal ammoniac*, kí ooru má baà wọlé. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ po ìyẹn. Ike nínú ike tó.

Ẹ ka ẹ̀gúsí 60 tí kò yán. Ẹ gbin 20 lọ́jọ́ náà gan-an. Láìsí ìyẹn, ẹ kò ní mọ̀ bóyá ìdì ló pa á tàbí ó ti kú tẹ́lẹ̀. Ẹ fi 20 sínú iyanrìn tí ẹ yan tó sì ti tutù pátápátá, ẹ dé e. Ẹ fi ìda bo 20. Ẹ yọ́ ìda náà sórí omi gbígbóná, ẹ dúró títí ojú rẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í dì, kí ẹ tó rì í bọ̀ ọ́ kíá, ẹ̀ẹ̀mejì. Ìda tó gbóná jù á se hóró. Hóró tútù nínú ìda á jẹrà, torí omi kò rí ọ̀nà jáde. Kí ẹ tó gbìn ín, ẹ ha ìda kúrò.

Obì ní tirẹ̀, ẹ ṣe é bí àwọn alóbì ṣe ń ṣe: agbọ̀n, ewé tútù nísàlẹ̀ àti lókè, kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ máa yọ èyí tí kòkòrò bá ti jẹ, kí ẹ sì pààrọ̀ ewé tó bá ti gbẹ. Ó máa wà láàyè fún oṣù mẹ́ta. Ẹ ní sùúrù tí ẹ bá gbìn ín, kì í tètè hù. Iṣin ni kí ẹ gbìn lọ́jọ́ tí ẹ bá yọ ọ́.

Ará Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bù kún un. Ìbéèrè kan ṣẹ́kù: ta ló ń sanwó gbogbo èyí? Kí ló sì dé tí ihò wà létí ọ̀pọ̀ lẹ́tà, tí ọ̀rọ̀ sì sọnù níbẹ̀?

Olùtúwèé

Àwọn ọlọ́gbà ńlá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń san ti hóró. Àpótí Bartram kan, tó ní nǹkan bí irú hóró 100, gínì 5 ni, ìyẹn pọ́n-ùn 5 àti ṣílè 5. Ti lẹ́tà, ẹni tó bá gbà á ló sábà máa ń san, wọ́n sì ń ka iye bébà. Bébà méjì, owó ìlọ́po méjì. Àpò lẹ́tà á di bébà kejì, nítorí náà wọn kì í lò ó: wọ́n á ká bébà náà fúnra rẹ̀, wọ́n á fi ìda èdìdì lẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣí i, ìda á fa bébà ya. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ihò náà nígbà tí ẹ bá ká a padà. Nígbà mìíràn, ẹ̀kúfọ́ bébà tó ní ọ̀rọ̀ yẹn ṣì lẹ̀ mọ́ abẹ́ ìda níbẹ̀.