Wọ́n gé ọjọ́ iṣẹ́ wa kù sí 3, wọ́n tún ní ká máa pín rénkóòtù lò. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ráídà Ìpájà
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Inú ń bí mi, mi ò sì lè máa fi gbogbo ẹ̀ dààmú ìyàwó mi, torí òun náà ti ń wò mí bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣe.

Iṣẹ́ díspáàsì ni mò ń ṣe l'Ékòó. Ìkẹjà ni ọ́fíìsì wa wà, a máa ń gbé ẹrù dé Lékì, Àjàh, Súrùlérè, ibi tí wọ́n bá ṣáà rán wa. Ọjọ́ 6 là ń ṣe lọ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lóṣù tó kọjá, ọ̀gá pè wá jọ láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ó ní ọjà ò yá, epo ti wọ́n, ilé iṣẹ́ ń dín ìnáwó kù, ọjọ́ 3-3 lẹnì kọ̀ọ̀kan á máa wá. Owó oṣù wá di ìdajì. Àwa ráídà 14 la dúró síbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fọhùn.

Ìyẹn nìkan kọ́ ló ń dùn mí. Rénkóòtù! Tẹ́lẹ̀, kálukú ló ní tiẹ̀. Ní báyìí, ẹyọ kan ni fún ẹni méjì, wọ́n ní a kì í kúkú wá lọ́jọ́ kan náà mọ́. Ọkùnrin tí èmi àtiẹ̀ jọ ń lò ó ga jù mí lọ, ó sì ń mu sìgá. Tí mo bá gbé e wọ̀ láàárọ̀, inú ẹ̀ ṣì tutù, apá ẹ̀ á sì bo ọwọ́ mi débi pé mi ò ní rí búrèkì mú dáadáa. Omi tútù tí wọ́n ń gbé sí ọ́fíìsì, wọ́n ti gbé e kúrò. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí à ń pààrọ̀ lọ́sẹ̀ méjì-méjì ti di oṣù kan ààbọ̀. Ẹ fa igi tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì jáde kẹ́ ẹ wo ohun tó wà lára ẹ̀: ó dú bí èédú, ó ń fà bí ewédú.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀gá ra ẹ́sìì tuntun sí yàrá tiẹ̀. Mo fojú ara mi rí páálí ẹ̀ lẹ́yìn ọ́fíìsì. Ìyàwó ẹ̀ ló ń kọ owó, àbúrò ẹ̀ ló ń pín ẹrù, àwọn ará ìlú wọn ló sì ń fún ní Fúráìdè àti Sátidé tí ẹrù máa ń pọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n fiṣẹ́ sílẹ̀ ni, àbí kí n gbé wọn lọ sílé ẹjọ́? Ọmọ méjì ni mo ní, owó ilé sì ń bọ̀ lóṣù kẹsàn-án.

Ìyá Ìbejì Aláṣọ
Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi, Ọlọ́run á la ọ̀nà. Àmọ́ ẹ̀yin ráídà náà, ẹ̀yin náà ò ṣeé fẹ̀yìn tì o. Lọ́jọ́sí, mo fi àdìrẹ yáàdì 5 ránṣẹ́ sí oníbàárà ní Fẹ́sítàákì. Aago 12 ọ̀sán ló kúrò lọ́wọ́ mi, aago 8 alẹ́ ló débẹ̀, ó rin gbingbin. Aró ti yí mọ́ funfun ara ẹ̀. Oníbàárà ya fọ́tò ẹ̀, ó gbé e sí sítátọ́ọ̀sì, ó kọ orúkọ mi sábẹ́ ẹ̀. Títí dòní, ilé iṣẹ́ tó gbé e ò tíì bẹ̀ mí.

Ráídà Ìpájà
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Èmi kọ́ ni mo gbé e o. Ṣùgbọ́n ṣẹ́ ẹ rí i? Ọ̀rọ̀ rénkóòtù yẹn náà ni.

Ọmọ Mushin
Fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, ra ọ̀kadà tìẹ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá Fáwàsì
Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tẹnu mi, bẹ́ ẹ bá fẹ́ kẹ́ ẹ sọ mí lókùúta. Ọ̀kadà 3 ni mo ní l'Agége, mo sì gba ráídà sí wọn. Kí ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 tó dé, tí Tinubu ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà kan ò tó 200 náírà. Kí oṣù keje ọdún yẹn tó parí, ó ti lé ní 600. Ṣé owó tí oníbàárà ń san wá di ìlọ́po mẹ́ta ni? Ẹ ní kí n fi 500 péré lé owó Ìyá Ìbejì, kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ. Taya, ṣéènì, pílọ́ọ̀gì, dọ́là ló ń bá wọn sọ̀rọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ìjọba ìbílẹ̀ ńkọ́? Ìkẹjà ní tiẹ̀, Mushin ní tiẹ̀, Etí-Ọ̀sà ní tiẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, mo dá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi dúró. Mo sunkún lọ́jọ́ náà.

Ọmọ Mushin
Ẹ sunkún, ẹ ò sọ bóyá ẹ fún un lówó.

Bàbá Fáwàsì
Owó ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fún un. Mo tún fi hẹ́lmẹ́ẹ̀tì lé e. Ìwọ ta lo fún ní nǹkan rí?

Ọmọ Mushin
Èmi ò lówó ẹ́sìì ni.

Bàbá Fáwàsì
Ta ló bá ẹ sọ̀rọ̀ ẹ́sìì? Mi ò ní ẹ́sìì! Fáànù ni mo ní, òun náà ò sì yí dáadáa.

Àbẹ̀kẹ́ Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹni tó bèèrè ọ̀rọ̀. Ráídà Ìpájà, èmi kì í ṣe lọ́yà, àmọ́ mo ti bá wọn ṣe ìwé òṣìṣẹ́ fọ́dún pípẹ́. Ọdún mélòó lo ti lò níbẹ̀? Ṣé wọ́n fún ẹ níwèé nígbà tí wọ́n gbà ẹ́? Ṣé wọ́n ti fún ẹ níwèé kankan buwọ́ lù láìpẹ́ yìí? Láìsí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òkùnkùn la jọ ń rìn.

Ráídà Ìpájà
Ẹ ṣeun mà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ ẹ́sìì, kì í ṣe ìlara ni mò ń ṣe o. Wọ́n kàn ní kò sówó ni, ẹ́sìì wá wọlé.

Dámọ́lá Manchester
Ẹ máa dúpẹ́ pẹ́ ẹ tiẹ̀ ní ọ̀gá tẹ́ ẹ lè tọ́ka sí. Níbí, áàpù ló ń fún wa níṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ ni mo fi ń gbé oúnjẹ. Bí fóònù ò bá dún, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ nínú yìnyín pẹ̀lú àwọn 10 mìíràn, kò sẹ́ni tó máa sanwó ìjókòó fún wa. Àwọn kan lára wa fẹ́ kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ máa bá Deliveroo, ilé iṣẹ́ tó ni áàpù kan tó ń gbé oúnjẹ, dúnàádúrà, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìlú Òyìnbó. Ní oṣù kọkànlá 2023, ilé ẹjọ́ ní àwọn ráídà ọ̀hún kì í ṣe òṣìṣẹ́ tí òfin ẹgbẹ́ bò, torí pé wọ́n lè rán ẹlòmíràn kó lọ gbé ẹrù dípò wọn. Ẹ wò ó, ẹsẹ̀ mi tó wú lánàá, ta ni mo fẹ́ rán?

Ìyá Ìbejì Aláṣọ
Dámọ́lá, máa fi omi gbígbóná àti iyọ̀ bọ̀ ọ́.

Olóyè Kékeré
Bí arákùnrin wa bá ra ọ̀kadà tiẹ̀, kó máa fi gbé èrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kíá ló máa pa owó ẹ̀ padà.

Bàbá Fáwàsì
Ṣé kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ni? Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹfà 2022 nìjọba Èkó ti lé ọ̀kadà elérò kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ 6, Ìkẹjà àti Súrùlérè wà nínú ẹ̀. Díspáàsì ni wọ́n yọ sílẹ̀. Ẹ máa gbà èèyàn nímọ̀ràn tó lè wúlò.

Àbẹ̀kẹ́ Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́
Ráídà Ìpájà, ìbéèrè mẹ́ta ni mo bi ẹ́.

Ráídà Ìpájà
Ẹ má bínú mà. Ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́rin. Wọ́n fún mi níwèé nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ó wà nínú àpótí ìyàwó mi. Wọ́n tún fún gbogbo wa ní ìwé kan buwọ́ lù lóṣù kìíní ọdún yìí. Wọ́n ní ti àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù ni. Ìlà kan wà nínú ẹ̀ tó ní "kọngílá" ni wá. Mi ò kà á délẹ̀, ẹrù Àjàh ti wà lórí ọ̀kadà.

Àbẹ̀kẹ́ Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́
Háà. Èyí ló yẹ kó o fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe rénkóòtù.

Ó dáa, gbọ́. Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ni ẹ́, òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, ìyẹn Labour Act, ní abala 17, sọ pé ọjọ́ iṣẹ́ tóo bá yọjú tí ara ẹ sì yá, ọ̀gá gbọ́dọ̀ fún ẹ níṣẹ́. Bí kò bá rí iṣẹ́ fún ẹ, kó san owó ọjọ́ náà. Tí nǹkan pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀, òfin fún un láyè díẹ̀, àmọ́ kì í ṣe kó kàn gbé ọ̀bẹ jáde lọ́jọ́ Mọ́ńdè kó gé owó oṣù sí méjì. Bí wọ́n bá sì máa lé ẹ, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ju ọdún méjì lọ tí kò tíì pé márùn-ún, ìfitónilétí ọ̀sẹ̀ méjì ló tọ́ sí i, ó kéré tán.

Ìwé oṣù kìíní yẹn ni wọ́n máa gbé síwájú. Wọ́n á ní kọngílá ni ẹ́, o kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn, òfin ò kàn ẹ́. Àmọ́ orúkọ tí wọ́n kọ sínú ìwé nìkan kọ́ là ń wò. Ta ló ni ọ̀kadà? Ta ló ń sọ aago tóo máa dé? Ta ló ń yan ọ̀nà fún ẹ? Wá ìwé àkọ́kọ́ yẹn jáde nínú àpótí lálẹ́ òní, kó o ya fọ́tò ẹ̀.

Ọmọ Mushin
Ẹ gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ jàre! Èmi náà ti gbé oúnjẹ rí. Oṣù kejìlá 2023, Bolt Food lọ, Jumia Food tẹ̀lé e, oṣù kan náà. Gbogbo ẹni tó ní hẹ́lmẹ́ẹ̀tì wá di olùwáṣẹ́. Àtìgbà yẹn làwọn ọ̀gá ti ń fojú tín-ín-rín wò wá, wọ́n mọ̀ pé ẹlòmíràn ń dúró lẹ́nu gééètì.

Ráídà Ìpájà
Ẹ ṣé, ẹ̀yin tó lóye mi. Ẹ̀tọ́ mi ni wọ́n jẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi di owó tó wà lọ́wọ́ mi mú títí wọ́n á fi san ìdajì oṣù mi.

Bàbá Fáwàsì
Owó wo?

Àbẹ̀kẹ́ Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́
Owó wo ló wà lọ́wọ́ ẹ?

Ráídà Ìpájà
Owó ọjà tí àwọn oníbàárà san fún mi nígbà tí ẹrù dé ọwọ́ wọn. 86,000 ni. Kì í ṣe pé mo jí i. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí mi ò ti lọ síbẹ̀, wọ́n ń pè mí, mi ò gbé e. Owó tí wọ́n jẹ mí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí a bá ṣe ìṣirò ẹ̀.

Bàbá Fáwàsì
Ọjọ́ kẹsàn-án! O wá jókòó síbí tó ò ń ka rénkóòtù fún wa.

Ìyá Ìbejì Aláṣọ
Ọmọ mi, dúró ná. Kì í ṣe owó ọ̀gá ẹ lo mú dání. Owó àwa ni. Owó aláṣọ, owó oníbàtà, owó ọmọbìnrin tó ń se zobo nínú yàrá kan. Bí mo bá fi aṣọ 20,000 ránṣẹ́, èrè mi nínú ẹ̀ lè má ju 3,000, ìyókù ti wà lọ́rùn mi fún ẹni tó kó ọjà fún mi. Ilé iṣẹ́ yín á sọ fún wa pé ráídà ló sá lọ. Ṣé o mọ̀ pé orúkọ ẹ nìyẹn báyìí?

Ọmọ Mushin
Kó má dá a padà o! Tó bá dá a padà, wọn ò ní dá a lóhùn mọ́.

Àbẹ̀kẹ́ Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́
Ọmọ Mushin, ìwọ kọ́ ló máa sùn sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ráídà Ìpájà, gbogbo ohun tí mo ti sọ látòní, fi sí ẹ̀gbẹ́ kan ná. Ẹjọ́ tóo lè jàre ni tẹ́lẹ̀, o ti fún wọn ní ẹjọ́ mìíràn tí wọ́n máa fi bo tìẹ mọ́lẹ̀. Dá owó yẹn padà. Má gbé e lọ lówó. Tráńsífà ni kó o fi ṣe é, sínú àkáǹtì ilé iṣẹ́, kì í ṣe àkáǹtì ìyàwó ọ̀gá. Kọ orúkọ àwọn oníbàárà àti ọjọ́ tí wọ́n san án sínú mẹ́sẹ́jì, kó o sì fi rìsíìtì pamọ́. Sọ ìdí tó ò fi lọ síbi iṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn la lè kọ lẹ́tà owó tí wọ́n jẹ ẹ́. Tí wọn ò bá fèsì, Citizens' Mediation Centre ti Ìpínlẹ̀ Èkó wà, ibi tí wọ́n ti ń parí ìjà láìdé ilé ẹjọ́, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n á pe ọ̀gá yín wá jókòó. Public Defender, ìyẹn àwọn lọ́yà ìjọba tó ń gbèjà ẹni tí kò lówó, náà kì í gbowó. Kò dìgbà tóo bá wá lọ́yà tó ń gbowó ńlá.

Ráídà Ìpájà
Mi ò ní gbogbo ẹ̀ lọ́wọ́ mọ́. Mo yọ 25,000 san owó ilé ìwé. Wọ́n ti lé ọmọ náà wá sílé lẹ́ẹ̀mejì, ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó gbé bébà tí wọ́n fún un dání, kò sì sọ nǹkan kan. Ẹ má sọ̀rọ̀ sí mi mọ́ nípa ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.

Dámọ́lá Manchester
Ó yé mi, ẹ̀gbọ́n.

Bàbá Fáwàsì
Fi èyí tó kù ránṣẹ́ lónìí, kó o kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ku 25,000, kó o dá ọjọ́ tóo máa san án. Èmi tí mo jẹ́ ọ̀gá, bí ráídà mi bá kọ irú ẹ̀ sí mi, inú á bí mi, àmọ́ mi ò ní pe ọlọ́pàá.

Ìyá Ìbejì Aláṣọ
Ẹrù 4 wà lọ́wọ́ mi tó fẹ́ lọ sí Ṣómólú àti Bàrígà láàárọ̀ Tọ́sìdeè. Bóo bá lè yá ọ̀kadà lọ́wọ́ ẹnì kan, mo máa san 9,000 fún ẹ, mi ò sì ní fi owó ọjà sí ọwọ́ ẹ, wọ́n ti san án fún mi. Má bínú pé mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Mushin
Tèmi wà nílẹ̀, kó wá gbé e. Epo ni kó rà sí i. Búrèkì ẹ̀yìn ò fi bẹ́ẹ̀ mú o.

Ráídà Ìpájà
Mo ti fi 61,000 ránṣẹ́ ní aago 9 kọjá ìṣẹ́jú 10, mo kọ orúkọ gbogbo wọn sí i. Wọ́n ti ka mẹ́sẹ́jì náà, wọn ò tíì fèsì. Ìyàwó mi ti rí ìwé àkọ́kọ́ yẹn, omi ti kan igun ẹ̀ kan, àmọ́ òǹtẹ̀ ṣì hàn. Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, mo ti fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí yín.

Ìyá Ìbejì, aago mélòó ni kí n wá lọ́jọ́ Tọ́sìdeè? Mo máa mú nylon wá fún àwọn aṣọ náà.