"Pín" kọ́ ni "jọ lò": lórí orúkọ fún àká àwòrán

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú làákàyè. Ẹ dábàá lánàá pé kí a máa pe àkójọ fọ́tò tí kọ̀ǹpútà méjì ń lò láti inú àpótí ìpamọ́ kan ṣoṣo ní "ilé ìkàwé àwòrán àpínlò". Inú mi dùn pé ẹ ń wá orúkọ fún un. Orúkọ náà ni n kò fara mọ́, pàápàá "pín" tó wà nínú rẹ̀. "Pín" yẹn ti kó bá wa rí.

Mọ́kọ́lá ni èmi àti àbúrò mi ti ń ya fọ́tò. Kọ̀ǹpútà méjì la ní, tèmi àti tirẹ̀. Nígbà tí fọ́tò pọ̀ ju ohun tí wọ́n lè gbà lọ, a ra àpótí ìpamọ́ oníháàdì-dísìkì méjì, a fi wáyà so ó mọ́ ráútà kí ẹ̀rọ méjèèjì lè máa rí inú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo ní kí ọmọ iṣẹ́ wa bá mi pín fọ́tò ìgbéyàwó kan sí ẹ̀rọ méjèèjì. Ọmọ náà gbọ́ràn. Ó kó ìdajì sí tèmi, ó kó ìdajì sí ti àbúrò mi, ó sì pa ti inú àpótí rẹ́ kí àyè lè gbà wá. Nígbà tí ìyá ìyàwó dé láti wá wo fọ́tò, ìdọ̀bálẹ̀ ọkọ wà lọ́dọ̀ mi, gígé kéèkì wà lọ́dọ̀ àbúrò mi, òun sì ti gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ sóde kan ní Mọ́níyà. Ọmọ yẹn kò ṣẹ̀ wá. Bí a bá ní kó pín iṣu fún èèyàn méjì, ṣé odindi iṣu ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan?

Ọ̀rọ̀ kan, "share", ni Gẹ̀ẹ́sì fi bo ohun tí àwa yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tí a bá pín ń kéré sí i ni. Ohun tí a bá jọ ń lò, odindi ló jẹ́ fún gbogbo wa. Fọ́tò tí mo bá fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, ẹ̀dà rẹ̀ lẹ gbà, tèmi wà níbi tó wà. Ti àpótí yìí, àjọlò ni.

Ti "ilé ìkàwé" kò le púpọ̀. Ìwé la ń lọ kà ní Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn; fọ́tò, wíwò la ń wò ó. Àká ló tẹ́ mi lọ́rùn. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ti mú un kúrò lóko tipẹ́, wọ́n ń pe àkójọ ọ̀rọ̀ inú èdè ní "àká ọ̀rọ̀", kò sì sẹ́ni tó ń bi wọ́n pé àgbàdo dà. Láti ọdún 1959 ni tẹlifíṣọ̀n ti wà ní Ìbàdàn níbí; ẹni tó pè é ní amóhùnmáwòrán wo iṣẹ́ tó ń ṣe, ó fi sọ ọ́ lórúkọ. Báyìí ni mo ṣe fẹ́ kí a ṣe "àká àwòrán".

Ṣùgbọ́n ibi tó ká mi lára jù nìyí: "àjọlò" nìkan kò tó. Nǹkan méjì ló wà nínú àká náà. Fọ́tò fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Dátábéèsì tó ń sọ ibi tí fọ́tò kọ̀ọ̀kan wà, ọjọ́ tí a yà á àti àtúnṣe tí a ṣe sí i, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ ká pe èyí ní ìwé àká. Apple kìlọ̀ pé kí a má fi àkójọ Photos, ètò fọ́tò inú kọ̀ǹpútà wọn, sórí ẹ̀rọ tí a jọ ń lò lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Lightroom Classic, ètò tí Adobe ṣe fún títo fọ́tò àti títún un ṣe, gbà kí fọ́tò wà níbẹ̀, kò gbà kí kátálọ́ọ̀gì rẹ̀, ìyẹn ìwé àká tirẹ̀, wà níbẹ̀. SQLite ni irú dátábéèsì tí àwọn méjèèjì ń lò: bí ẹnì kan bá ń kọ nǹkan sínú rẹ̀, ó máa ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹnì kejì, ṣùgbọ́n lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, àgádágodo yẹn kò ṣe é fọkàn tán. Bí ẹni méjì bá kọ̀wé sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè bàjẹ́ pátápátá.

Ẹ rántí kànga agboolé. Gbogbo ilé ló ni omi, ṣùgbọ́n okùn kan ló wà. Bí ẹnì kan bá fa tirẹ̀ tán, ẹlòmíràn a gba okùn. Ẹni méjì tó bá sọ garawa sí i pọ̀, okùn á lọ́ mọ́ra, garawa á já sínú kànga. Nítorí náà ni mo ṣe ń dábàá "àgbàlò" fún ìwé àká: fọ́tò jẹ́ àjọlò, ìwé àká jẹ́ àgbàlò. Ọmọ iṣẹ́ tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí yóò ti mọ̀ pé kí òun bèèrè kí òun tó ṣí i.

A ti kọ ọ́ sára àpótí náà ní ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ tó dùn ún pè ju "àgbàlò" lọ, ẹ fún mi, n ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Kó ṣáà má ní "pín" nínú.