San Mateo àbí Morgan Hill? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ Caltrain oníná yìí

Àlejò Bay
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àǹtí. Iṣẹ́ tuntun gbé mi wá sí San Francisco. Ọ́fíìsì wa kò jìnnà sí ìdúró 4th and King, ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ ni wọ́n sì fẹ́ máa rí ojú wa. N kò ní mọ́tò, n kò sì tíì fẹ́ rà. Ilé méjì ló wà nílẹ̀: yàrá kan ní San Mateo tí owó rẹ̀ ń dẹ́rù bà mí, àti yàrá méjì ní Morgan Hill tí apá mi ká dáadáa. Àwọn méjèèjì wà lórí máàpù Caltrain, ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí San Francisco. Ẹni tó fẹ́ fún mi ní ti Morgan Hill ní wọ́n ti sọ ọkọ̀ náà di oníná, pé eré àsápajúdé ló ń sá báyìí. Ṣé kí n gbà á?

Ìyá Ìbejì San Mateo
Káàbọ̀, àbúrò mi. Dúró ná, má tíì tọwọ́ bọ ìwé. Ẹni yẹn kò parọ́ pé wọ́n ti sọ ọ́ di oníná, àmọ́ kò sọ ibi tí wáyà iná pin sí fún ọ. Ẹ̀gbọ́n Oníwáyà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá wa dá sí i.

Ẹ̀gbọ́n Oníwáyà
Mo ti dé. Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe, kì í ṣe lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ojú mi wà lára iṣẹ́ náà láti 2017 tó ti bẹ̀rẹ̀, títí di ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án 2024 tí ọkọ̀ oníná gba gbogbo iṣẹ́ láàárín San Francisco àti San Jose. Máìlì 51 ni wọ́n fa wáyà sí. Tamien ló pin sí, ìyẹn ìdúró kan péré lẹ́yìn San Jose Diridon. Morgan Hill ṣì wà níwájú lọ́hùn-ún níhà gúúsù. Kò sí òpó níbẹ̀, kò sí wáyà. Ọkọ̀ tó ń lo epo dísù ni.

Ẹni tó ni ojú irin ló ń pàṣẹ ohun tí wọ́n máa rì mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Láti San Francisco dé San Jose, àjọ tí kańtì mẹ́ta, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta, jọ dá sílẹ̀ ló ra ojú irin náà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Southern Pacific ní 1991, ní mílíọ̀nù 212 dọ́là. Wọ́n lè ṣe é bó ṣe wù wọ́n. Láti ìsàlẹ̀ Tamien lọ, ilé iṣẹ́ Union Pacific ló ni ín, ọkọ̀ ẹrù ló sì jẹ wọ́n lógún. Caltrain kàn ń gba ibẹ̀ kọjá ni.

Àlejò Bay
Ẹ ṣé gan-an, sà. Kí wá ni iná ń ṣe tí dísù kò lè ṣe? Àbí ariwo lásán ni?

Ẹ̀gbọ́n Oníwáyà
Kì í ṣe ariwo, àmọ́ kì í ṣe eré àsápajúdé tí wọ́n sọ fún ọ. Máìlì 79 ní wákàtí kan ni òpin eré rẹ̀. Iye yẹn náà ni dísù ń sá.

Ibi tó ti yàtọ̀ ni ìgbéra. Tẹ́lẹ̀, orí kan, ìyẹn èyí tí ẹ́ńjìnnì wà nínú rẹ̀, ló ń dá wọ́ gbogbo kọ́ọ̀ṣì tó kù. Bó bá kúrò ní ìdúró, á kọ́kọ́ mí kanlẹ̀, á gbọn jìgìjìgì, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fà díẹ̀díẹ̀. Kó tó sáré délẹ̀, wọ́n á ti ní kó dúró sí ìdúró mìíràn. Ọkọ̀ tuntun yìí, tí ilé iṣẹ́ Stadler kọ́ ní Salt Lake City, kọ́ọ̀ṣì 7 ni, kò sì ní orí kankan tó dá wà. Mọ́tò iná wà káàkiri abẹ́ ọkọ̀, àwọn náà ló jọ ń tì í. Bó o bá dúró nínú ọkọ̀ nígbà tó gbéra, wàá rí i pé ara rẹ fẹ́ padà sẹ́yìn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, ife kọfí mi rìn láti etí tábìlì kan dé ìkejì, bẹ́ẹ̀ n kò gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì kankan.

Ìṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀ tó ń jàǹfààní ní ìdúró kọ̀ọ̀kan ló ń di púpọ̀. Èyí tó ń dúró níbi gbogbo máa ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 100 tẹ́lẹ̀ láti San Francisco dé San Jose. Ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 75. Èyí tó ń fo ìdúró kò tó wákàtí kan. Nítorí pé ọkọ̀ ń tètè lọ, tó sì ń tètè bọ̀, ó rọrùn láti fi kún iye ìrìn rẹ̀. Iye ìrìn yẹn gan-an ni kó o máa wò, kì í ṣe eré.

Ìyá Ìbejì San Mateo
Àmín sí ọ̀rọ̀ iye ìrìn! Ní òpin ọ̀sẹ̀, wákàtí kan gbáko la máa ń dúró de ọkọ̀ tẹ́lẹ̀. Báyìí, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni. Tí ọ̀kan bá já mi sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ, n kì í bínú mọ́.

Ará Morgan Hill
Ẹ jẹ́ kí èmi tó ń gbé ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Ilé dára, àdúgbò tutù, n kò kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n mo ní mọ́tò. Ọkọ̀ mẹ́rin ló ń lọ sókè láàárọ̀, mẹ́rin ló ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, Mọ́ńdè sí Fúráìdè nìkan. Kò sí ti Sátidé, kò sí ti Sọ́ńdè. Ní San Jose Diridon, wàá sọ̀ kalẹ̀, wàá pààrọ̀ ọkọ̀. Láàárọ̀, wàá bọ́ sílẹ̀ nínú ti dísù, èéfín á ṣì wà nímú rẹ, wàá gun èyí tó dákẹ́ bí ilé ìkàwé. Nírọ̀lẹ́, wàá tún padà sínú èéfín. Lọ́jọ́ kan ìpàdé pẹ́, mo dé Diridon, ọkọ̀ tó kẹ́yìn ti lọ. Bọ́ọ̀sì 68 ti VTA, àjọ tó ń wa bọ́ọ̀sì lágbègbè yìí, ni mo wọ̀ lọ sílé, mo sùn, mo jí, mo tún sùn, n kò tíì délé.

Akẹ́kọ̀ọ́ Palo Alto
Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ pé ọkọ̀ oníbátìrì ń bọ̀ lọ́hùn-ún?

Ẹ̀gbọ́n Oníwáyà
Òótọ́ ni. Ìjọba ìpínlẹ̀ fi owó sílẹ̀ ní 2023 kí wọ́n fi ra ọkọ̀ kan tó máa lo wáyà níbi tí wáyà wà, kó sì lo bátìrì níbi tí kò sí. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni, láti fi dán an wò. Ẹnikẹ́ni má tìtorí rẹ̀ gba ilé lónìí.

Àlejò Bay
Ọ̀rọ̀ ti yé mi. Mo ti fẹ́ máa yà sí San Mateo báyìí. Kí ni kí n ṣọ́ra fún níbẹ̀?

Ìyá Ìbejì San Mateo
Àkọ́kọ́, ìdúró mẹ́ta ló wà ní San Mateo: San Mateo fúnra rẹ̀, Hayward Park, àti Hillsdale. Hayward Park, ọkọ̀ tó ń fo ìdúró kàn ń gba ibẹ̀ kọjá fìrì ni. Hillsdale ló ń dúró. Wọ́n tún Hillsdale kọ́ ní 2021 nígbà tí wọ́n gbé ojú irin sókè ní 25th Avenue, títì wá ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Nítorí náà, béèrè ìdúró tó sún mọ́ ilé náà kó o tó béèrè bóyá omi gbígbóná wà.

Èkejì, fèrè. Ọkọ̀ dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfin ìjọba àpapọ̀ ní kó máa fọn fèrè níbi tí títì bá ti dábùú ojú irin: gígùn, gígùn, kúkúrú, gígùn. Ilé àkọ́kọ́ tá a gbà, ojú fèrèsé ni mo ti ń kà á lóru. Lọ dúró níwájú ilé yẹn ní aago mẹ́fà àárọ̀ kó o tó sanwó.

Ẹ̀kẹta, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo ló wà nínú ọkọ̀ gígùn yẹn. Ẹni tó lọ́mọ kékeré mọ ohun tí mò ń sọ. Lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀ kó o tó kúrò ní ọ́fíìsì.

Akẹ́kọ̀ọ́ Palo Alto
Ẹ má gbàgbé káàdì o. Kò sí géètì lọ́pọ̀ ìdúró. Ìwọ ló máa fi káàdì Clipper rẹ tó o fi ń sanwó ọkọ̀ kan ẹ̀rọ bó o bá ń wọlé, wàá tún kàn án bó o bá sọ̀. Tó o bá gbàgbé láti kàn án nígbà tó o sọ̀, iye tó ga jù lọ láti ibi tó o ti wọ̀ ni wọ́n máa yọ. Ọjọ́ méjì léra ni mo gbàgbé lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ mi. N kò ní sọ iye tó lọ. Kọ́ńdọ́ lè yẹ̀ ọ́ wò nínú ọkọ̀ nígbàkúùgbà. Bí owó tó ń wọlé fún ẹ kò bá pọ̀, wádìí ètò Clipper START, ìdajì owó ọkọ̀ ló ń yọ.

Ìyá Ìbejì San Mateo
Dọ́là kan ni ti ọmọ ọdún 18 sísàlẹ̀ látìgbà oṣù kẹsàn-án 2024. Ìbejì mi ló kọ́kọ́ sọ fún mi.

Bàbá Oníkẹ̀kẹ́
Ẹ ń yin ọkọ̀, ẹ kò dárúkọ owó. Bílíọ̀nù 2.44 dọ́là ni iṣẹ́ iná náà gbà. Ìdá kan nínú mẹ́jọ sẹ́ńtì kan lórí dọ́là kan ni a tún ń san kún owó orí ọjà ní kańtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, fún ọgbọ̀n ọdún, láti ìdìbò 2020. Èmi náà dìbò fún un o, àmọ́ ẹ jẹ́ kí ará tuntun mọ̀ pé òun náà ti wà lára àwọn tó ń sanwó, wọ̀ ọ́ o, má wọ̀ ọ́ o. Púpọ̀ nínú àwọn orí dísù àtijọ́ àti kọ́ọ̀ṣì wọn, Lima ní Peru ló gbà wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n Oníwáyà
Ọ̀rọ̀ kan ló kù, ti ẹ̀mí ni. Fólítì 25,000 ló wà nínú wáyà yẹn, tọ̀sán tòru, bóyá ọkọ̀ ń bọ̀ tàbí kò bọ̀. Kì í ṣe dandan kéèyàn fọwọ́ kàn án kó tó ṣe é léṣe. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ni kó o fi jìnnà sí i. Àwọn bàlúùnù dídán tí wọ́n ń tà fún ọjọ́ ìbí, tí ara wọn dà bíi fádákà, má mú wọn dé ìdúró láìso wọ́n mọ́lẹ̀ dáadáa. Bí ọ̀kan bá fò lọ kan wáyà, ọkọ̀ lè dúró, gbogbo yín ẹ ó sì jọ jókòó sójú kan.

Ìyá Ìbejì San Mateo
Àlejò, bó o bá ráyè lọ́jọ́ Sátidé, pàdé mi ní Hillsdale láago mẹ́ta. A ó jọ rìn dé ilé yẹn, a ó ka ìṣẹ́jú tó gbà, a ó sì gbọ́ fèrè náà létí ara wa.

Àlejò Bay
Mo ń bọ̀, mà. Màá ti ra káàdì kí n tó wọkọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Palo Alto
Kàn án tó o bá sọ̀ o!