Lórí "ọgbọ́n ìmọ̀lára": kí ni a mọ̀, níbo ni a sì ti mọ̀ ọ́n?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin àbúrò, mo kí yín.

Arákùnrin wa kan dá àbá "ọgbọ́n ìmọ̀lára" gẹ́gẹ́ bí orúkọ Yorùbá fún "emotional intelligence", ìyẹn agbára láti mọ ohun tó ń lọ nínú ara ẹni àti nínú ẹlòmíràn, kí a sì lè darí rẹ̀, ohun tí àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣesí ẹ̀dá, Peter Salovey àti John Mayer, ṣàlàyé nínú àpilẹ̀kọ wọn ní ọdún 1990, tí ìwé Daniel Goleman sì sọ di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo ènìyàn ní 1995. Ọ̀pọ̀ yín ti gbóṣùbà fún un. Èmi kò lè gbóṣùbà, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè dákẹ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí a bá gbà wọlé lónìí ni àwọn ọmọ wa yóò kọ́ ní ọ̀la gẹ́gẹ́ bí ẹni pé àwọn baba wa ni wọ́n fi sílẹ̀. "Lára" ni mo ń bá jà jù nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a tú u palẹ̀. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì-, ọ̀rọ̀-ìṣe mọ̀, lẹ́yìn náà ní àti ara. Gbogbo wa mọ̀ pé ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí mọ̀ máa ń di ohùn àárín bí àbọ̀ tó jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e gbọingbọin: a mọ ilé, a mọ ọ̀nà, a mọ oore. Nínú "ìmọ̀lára", ohùn ìsàlẹ̀ náà dúró digbí, nítorí pé ara kì í ṣe àbọ̀ níbẹ̀. Ara ni ibi tí a ti mọ nǹkan, kì í ṣe ohun tí a mọ̀. Òtútù là ń mọ̀ lára, ooru là ń mọ̀ lára, ẹ̀gún tó gún ni là ń mọ̀ lára. Ọmọ ọwọ́ pàápàá mọ nǹkan lára, kò sì sẹ́ni tó máa tìtorí ìyẹn pè é ní ọlọ́gbọ́n. Bí a bá wá kọ ọ́ láìfi àmì sí i, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe, ta ni yóò sọ bóyá "mọ̀ lára" ni a ń wí tàbí "mọ́ lára", èyí tí í ṣe ti ohun tó ti di bárakú fún ènìyàn?

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan, tí mo bọ̀wọ̀ fún púpọ̀, gbèjà "lára" pẹ̀lú èrò William James, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣesí ẹ̀dá, ẹni tó kọ ọ́ ní 1884 pé ẹ̀rù ń bà wá nítorí pé a ń gbọ̀n, kì í ṣe pé a ń gbọ̀n nítorí pé ẹ̀rù ń bà wá. N kò bá yín jiyàn, ẹ̀gbọ́n. Èdè wa náà mọ èyí, ìdí nìyẹn tí àyà wa fi ń já, tí ara wa fi ń ta, tí ara sì ń tù wá. Ṣùgbọ́n ibi tí ìbẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀ kọ́ ni a ń wá orúkọ fún. Nígbà tí Mayer àti Salovey tún ọ̀rọ̀ wọn tò ní 1997, ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n pín in sí: kí ènìyàn rí ohun tó ń lọ nínú ara rẹ̀ àti lójú ẹlòmíràn, kí ó lè fi ronú, kí ó yé e bí ó ṣe ń yí padà, kí ó sì lè darí rẹ̀. Ohun tí ènìyàn ń ṣe fúnra rẹ̀ ni gbogbo wọn. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí "lára" ṣàlàyé.

Inú ni Yorùbá fi nǹkan wọ̀nyí sí. Inú ń dùn, inú ń bàjẹ́, inú ń bí ni, a sì ń yọ́nú síni. Ẹ tún wo bí gbólóhùn wa ṣe tò: inú bí mi, ẹ̀rù bà mí, ojú tì mí, àárò sọ mí. Èmi ni àbọ̀ nínú gbogbo wọn. Ohun tó ń ṣe mí ni olùwà. Ṣùgbọ́n èdè kan náà yìí gbà mí láyè láti sọ pé "mo bínú", tí èmi fúnra mi sì di olùwà. Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní gírámà fún ọdún púpọ̀, mo sì gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé àlàfo tó wà láàárín "inú bí mi" àti "mo bínú" ni ìkóra-ẹni-níjàánu ń gbé. Ti àkọ́kọ́ kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìkejì ni ènìyàn ń dáhùn fún.

Nípa ti ẹlòmíràn ńkọ́? Edward Thorndike, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣesí ẹ̀dá, ti sọ̀rọ̀ ní 1920 nípa òye bí a ṣe ń mọ ènìyàn tí a sì ń bá wọn lò, àbá arákùnrin wa kò sì fi àyè kankan sílẹ̀ fún ìyẹn. Ẹ gbé "ìmọtara-ẹni-nìkan" yẹ̀ wò. Mọ níbẹ̀ wà ní ohùn àárín, nítorí pé ó ní àbọ̀: ti ara ẹni. Àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà kò ka mímọ tara ẹni sí àìdára, "nìkan" ni wọ́n fi bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ẹni tó mọ tara rẹ̀, tó sì mọ ti ẹni tó jókòó tì í, ni a ń wá orúkọ fún.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kékeré kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹnì kan fi àtẹ̀jíṣẹ́ gígùn ránṣẹ́ sí alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, èsì tó rí gbà kò sì ju "ó dáa" lọ. Kò sí ohùn nínú ọ̀rọ̀ náà, kò sí ojú tí a lè wò, bẹ́ẹ̀ àgbà sì ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹnì kan yóò gbaná jẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹlòmíràn yóò kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bóyá ìbínú òun ni òun ń kà sínú ọ̀rọ̀ onítọ̀hún, yóò sì dúró dìgbà tí wọ́n bá fojú kojú. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i: wọn kò sọ pé bó bá dé ara rẹ̀.

"Ọgbọ́n" pàápàá kò tẹ́ mi lọ́rùn. Oníjìbìtì ń fi ọgbọ́n ka ojú ẹni tó fẹ́ lù ní jìbìtì, ó sì ń kà á dáadáa. Ọgbọ́n àrékérekè ni. Ẹni tó dábàá "làákàyè" súnmọ́ ọn díẹ̀, ṣùgbọ́n ti orí pípé ni mo máa ń gbọ́ ọ mọ́. "Òye" ni mo fara mọ́. Àwọn kan nínú yín yóò ní láti inú "yé" ló ti wá, èmi yóò sì tún bi wọ́n, gẹ́gẹ́ bí mo ti bi wọ́n tẹ́lẹ̀, ibi tí ohùn òkè rẹ̀ gbà lọ. Wọn kò tíì dá mi lóhùn.

Ìyá mi àgbà kò fi gbogbo èyí dààmú ara rẹ̀. Bí ọmọ kan bá wo ojú àgbà, tó sì mọ ìgbà tó yẹ kí òun dákẹ́, ohun tí ó máa ń sọ ni pé "ọmọ yìí mojú". Mọ ojú ni, pẹ̀lú àbọ̀ rẹ̀. Ní ìlànà ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yẹn ni mo fi dábàá "òye ìmọnú": mímọ inú ara ẹni, àti mímọ inú ẹlòmíràn dé ibi tí agbára ènìyàn mọ. Bí ẹnì kan bá ní Ọlọ́run nìkan ló mọ inú, mo gbà. Ìdí nìyẹn tí "òye" fi ṣáájú rẹ̀, nítorí pé a kì í fòye gbé ohun tó hàn kedere.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dà mí láàmú nínú àbá tèmi, n kò sì ní fi pamọ́ fún yín. "Ìmoore" àti "ìmọtara" ló tì mí lẹ́yìn lórí ohùn àárín. Ṣùgbọ́n a ń sọ pé "ronú", tí ọ̀rọ̀-orúkọ rẹ̀ sì jẹ́ "ìrònú", pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wá kọ "ìmọ̀nú" dípò "ìmọnú" nítorí èyí, kí ni kí n fi dá a dúró? Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ jù mí lọ nídìí gírámà, ẹ bá mi dá sí i.