Owó ìdáwó ní ọ́fíìsì ìjọba: ẹ sọ tiyín, mo ti sọ tèmi

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀mọ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo mọ̀ pé òṣìṣẹ́ ìjọba pọ̀ nínú wa, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síbí. Ní ọ́fíìsì tiwa ní Òkè-Mọ́sàn, Abẹ́òkúta, bí ọdún bá ti ń lọ sópin, a máa ń dáwó ra ìrẹsì, òróró àti mílíìkì lọ sílé àwọn ọmọ aláìlóbìí. Iṣẹ́ rere ni, ta ló máa bá a jà? Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gba owó náà ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Wọ́n lẹ ìwé fífẹ̀ kan mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ọ̀gá. Orúkọ gbogbo wa ló wà níbẹ̀, láti orí ọ̀gá dé orí ẹni tó ń gbálẹ̀. Wọ́n sì ti kọ iye tí kálukú máa san síwájú orúkọ rẹ̀, bí lẹ́fẹ́ẹ̀lì ṣe ga sí. Ẹni tó bá ti san, wọ́n á fi bírò aláwọ̀ ewé máàkì í. Ẹni tí kò tíì san, bírò pupa ni wọ́n fi ń fa ìlà sábẹ́ orúkọ tiẹ̀, gbogbo ẹni tó bá wá já fáìlì sílẹ̀ ló sì ń kà á.

Obìnrin tó ń gbálẹ̀ lọ́dọ̀ wa lọ yáwó lọ́wọ́ àwọn alájẹṣẹ́kù kó lè kúrò lábẹ́ bírò pupa yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ń tọ́ ọmọ àbúrò rẹ̀ tí baba rẹ̀ ti kú. Ẹ wò ó, ta ló wá ń ṣàánú ta?

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òfin kankan wà lórí irú ìdáwó báyìí? Ẹ sọ ohun tójú yín ti rí.

Tíṣà Àdìgbẹ

Àǹtí, tiyín ṣì sàn. Ìyá ọ̀gá kan tó wà lókè wa ló kú, ni wọ́n bá fi ẹ́ńfẹ́lóòpù ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti kọ orúkọ tíṣà kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ wa, èèyàn ò lè dá òfìfo padà kí wọ́n má mọ̀. Aṣọ ẹgbẹ́jọdá tún tẹ̀lé e. Kàm̀pálà Ìtọ̀kú ni. Mi ò ní purọ́, aṣọ náà dáa, mo ṣì ń wọ̀ ọ́.

Lórí òfin tẹ́ ẹ bèèrè: ẹ wo ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999, àfikún karùn-ún, níbi tí ìlànà ìwà òṣìṣẹ́ ìjọba wà, ìpínrọ̀ kẹfà. Ó ní òṣìṣẹ́ ìjọba kò gbọdọ̀ bèèrè ohunkóhun, kò sì gbọdọ̀ gbà á, nítorí ohun tó ṣe tàbí tí kò ṣe lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀dọ̀ mọ̀lẹ́bí àti ọ̀rẹ́ nìkan ló ti lè gba ẹ̀bùn, ìyẹn náà níwọ̀n tí àṣà bá fàyè gbà á mọ. Ibi tí wọ́n ti ń rí ihò gbà wọlé nìyẹn o. Òkú sísìn, ìkómọ, ìyàwó gbígbé, èwo ni àṣà kò fàyè gbà níbẹ̀ nílẹ̀ Ẹ̀gbá? Ṣùgbọ́n ìpínrọ̀ kan náà ní ẹ̀bùn tí wọ́n bá fún òṣìṣẹ́ ìjọba níbi ayẹyẹ, ti iléeṣẹ́ tó ń ṣojú fún ni. Mi ò tíì rí ẹni tó gbé fíríìjì ìdágbére padà sí ọ́fíìsì.

Ọmọ Ìtókò

Tèmi kò gùn. Báàjì ìrántí àwọn ọmọ ogun tí wọ́n máa ń tà kí ọjọ́ 15 oṣù Kíní tó pé, ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí lọ́dún 1970. Bàbá mi ja ogun náà, n kì í dúró kí wọ́n bẹ̀ mí kí n tó rà á. Ṣùgbọ́n lọ́dún kan, wọ́n kó o fún ẹ̀ka wa ní páálí kan gbáko, wọ́n ní owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé, a tà á o, a ò tà á o. Àwa tá a wà níbẹ̀ la pín gbèsè yẹn san.

Bàbá Aláàkáǹtì (mo ti fẹ̀yìn tì)

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ti inú yàrá tí wọ́n ti ń ṣírò owó oṣù. Owó tó ń kúrò lára owó oṣù, oríṣi méjì ni lójú tiwa. Òfin ló ní ká gé ọ̀kan, bí owó orí. Ìkejì, òṣìṣẹ́ ló fọwọ́ ara rẹ̀ sí i, bíi ti alájẹṣẹ́kù. Ìdáwó àánú, abẹ́ ìkejì ló wà.

Nígbà kan tí odò Ṣókòrí kún, tó ya wọ ilé àwọn èèyàn, wọ́n gbé ìwé kan wá bá mi láti òkè: orúkọ, nọ́ńbà òṣìṣẹ́, iye tí a máa gé. Mo yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn. Mo bi ọmọkùnrin tó gbé e wá pé, "Ìbuwọ́lù wọn dà?"

Ó ní, "Bàbá, ọ̀gá ti fọwọ́ sí i."

Mo ní, "Ṣé owó oṣù ọ̀gá la fẹ́ gé ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, èmi ò rín. Mo kọ ọ́ sórí ìwé náà pé kí wọ́n lọ gba ìbuwọ́lù kálukú wá, mo sì dá a padà. Nígbà tí wọ́n máa gbé e dé, orúkọ tó wà níbẹ̀ kò tó ìdajì ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tó fọwọ́ sí i, ọ̀pọ̀ ló fi owó kún iye tí wọ́n kọ́kọ́ bù lé wọn. Wọ́n pè mí sókè lórí ọ̀rọ̀ yẹn, mo lọ, mo sì bọ̀.

Ọmọ Lísàbí, Maryland

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ni mò ń ṣe níbí, ìdáwó sì wà lọ́dọ̀ wa náà. Combined Federal Campaign ni wọ́n ń pè é. Lọ́dún 1961 ni Ààrẹ John F. Kennedy fọwọ́ sí àṣẹ tó ti inú rẹ̀ jáde, torí ẹgbẹ́ aláàánú tó ń wọ ọ́fíìsì wá tọrọ owó ti pọ̀ jù: tòní ò tíì lọ, tọ̀la ti dé. Wọ́n wá kó gbogbo rẹ̀ sí ìgbà kan ṣoṣo lọ́dún. Òṣìṣẹ́ á yan ẹgbẹ́ tó wù ú, á ní kí wọ́n máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó òun. Bí kò bá fẹ́ kí ẹgbẹ́ náà mọ orúkọ òun, kò sẹ́ni tó máa sọ ọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ rèé: wọ́n kọ ohun tí ọ̀gá kò gbọdọ̀ ṣe sínú òfin. Kò gbọdọ̀ tọrọ owó náà lọ́wọ́ ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ bi í bóyá ó dá a, tàbí iye tó dá. Wọn kò gbọdọ̀ bu iye lé ẹnikẹ́ni lórí, wọn kò gbọdọ̀ ní dandan ni kí gbogbo ọ́fíìsì dá a, wọn kò sì gbọdọ̀ to orúkọ àwọn tí kò dá. Ìyá Ìbejì, bírò pupa yín wà níbẹ̀ ketekete! Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, bí ẹni tó wá ṣàlàyé ìdáwó náà ṣe fẹ́ la ẹnu, ọ̀gá wa dìde, ó gbé kọfí rẹ̀, ó jáde. Mo rò pé inú ń bí i ni. Ẹni tó jókòó tì mí ló ní kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun ń ṣọ́ ẹni tó gba fọ́ọ̀mù.

Ẹ̀bùn tí òṣìṣẹ́ ń fún ọ̀gá náà ní ìwọ̀n. Ní àsìkò ọdún, nǹkan tí kò ju dọ́là 10 lọ, kì í sì í ṣe owó. Bó bá jẹ́ ìgbéyàwó, àìsàn, ọmọ bíbí tàbí ìfẹ̀yìntì, ọ́fíìsì lè dáwó, ṣùgbọ́n owó kékeré, lọ́wọ́ ẹni tó bá wù.

Ìyá Lafẹ́nwá

Èmi ò gbà fún yín o. Gbogbo yín ń bú ìwé orúkọ. Nígbà tí ọkọ mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìwòsàn Ìdí-Àbà, ìwé orúkọ ló gbà wá. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ló gbé e kiri ọ́fíìsì láàárọ̀, owó ti dé ọwọ́ mi kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ya fọ́tò ìwé náà. Bí ẹnì kan nínú wọn bá ní ìnáwó, mo máa ń ṣí i wò, mo sì ń san án padà. Tí wọ́n bá bo orúkọ, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ẹni tó ṣe mí lóore? Ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà yẹn, ti Amẹ́ríkà ni.

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀mọ̀

Ìyá wa, òótọ́ lẹ sọ, mi ò bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó gbé tiyín kiri: akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹlẹgbẹ́ yín. Kò lè dá yín dúró sójú kan lórí lẹ́fẹ́ẹ̀lì, kì í ṣe òun ló ń kọ ìròyìn yín lópin ọdún. Tiwa, ẹni tó ń buwọ́ lu ìwé ìgbéga wa ló ni ìwé yẹn.

Bàbá Aláàkáǹtì

Ọmọ mi, má lọ bá ọ̀gá fà á. Alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni kó o bá sọ ọ́. Ní kí ẹgbẹ́ gba ìdáwó náà sọ́wọ́ ara wọn, kí wọ́n má bu iye lé ẹnikẹ́ni, kí ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n gé tiẹ̀ lára owó oṣù fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù.

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀mọ̀

Ẹ ṣé, Bàbá. Mo ti bá alága sọ̀rọ̀, ó ní òun á gbé e dé ìpàdé, ṣùgbọ́n ó ní kí n wá fọ́ọ̀mù tí wọ́n ti lò níbòmíràn wá. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀.